Igba Ìgbà Lórí Igbà Kan

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 2004, nínú oko kan lẹ́yìn Òmù-Èkìtì, Kàmálù akọ̀pẹ ń wé igbà mọ́ ìdí ọ̀pẹ kan tó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta. Igbà ni okùn líle tí akọ̀pẹ máa ń gbà yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, tí yóò fẹ̀yìn tì bó bá ń gòkè. Ti Kàmálù ti ń tú fọ́nrán-fọ́nrán níbi mẹ́ta, ó sì ti fi fánbẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àjàgbé so ó pọ̀. Ẹni tó ni ọ̀pẹ náà, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sórí kùkùté, ó ń wo igbà náà bí ẹni ń wo ìwé ọmọléèwé tí kò ní gba máàkì kankan.

"Kàmálù, igbà rẹ ti gbó."

"Háà, Tíṣà. Ìgbà mi kò tíì gbó, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni."

"Igbà ni mo wí, kì í ṣe ìgbà."

"Èyí? Ọmọdé ni èyí náà, sà. Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé."

"Ọdún kẹfà! Ewu ń bẹ lórí rẹ, Kàmálù."

Kàmálù ṣí fìlà, ó fọwọ́ pa orí.

"Ewú ti wà níbẹ̀ tipẹ́, sà. Ìyàwó mi ní ó yẹ mí."

"Ewu! Ewu! Èyí tó ń pa ènìyàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn kò tíì sí lórí mi, sà. Mi ò tíì gòkè."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, láti ìgbà èwe rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà.

"Jókòó."

"Tíṣà, uṣẹ́ ń dúró dè mí."

"Iṣẹ́."

"Ọ̀kan náà ni, sà. Àárẹ̀ kan náà ló ń mú wá. Lọ́túnla ni wọ́n máa sọ ọmọ Mùnírà lórúkọ ní Ìkọ̀lé. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ ni, mi ò sì tíì fojú kàn án. Wọ́n ní bí mo bá ń bọ̀, kí n gbé epo dání. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá gé ẹyìn nínú oko yín. Ẹyìn tó sì pọ́n jù, òun ló wà lókè yẹn."

"Kí ló dé tí o kò wá igbà mìíràn?"

"Mo ti bẹ Bámgbóṣé tó ń hun ún ní Ìfàkì. Ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí màá fi èyí gùn, sà."

"Ìgbà wo lo ti ń sọ pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré?"

"Á tó ọdún mẹ́ta, sà."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí o jókòó. Ṣé n kò kọ́ ọ ní ìṣirò rí ni?"

Kàmálù jókòó sórí gbòǹgbò.

"Ẹ kọ́ mi, sà. Puráímárì mẹ́ta."

"Kí ló wá dé tí o fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ, sà."

"Èmi?"

"Ogójì ni wá ní kíláàsì. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó pé kí a yọ ọ̀kan kúrò nínú ogójì. Mo wò yíká, kò sẹ́ni tó dìde. Mo bá yọ ara mi."

Tíṣà fi awò rẹ̀ padà sójú. Ó dà bí ẹni pé ó rántí ọjọ́ náà.

"Ó dára. Fetí sílẹ̀. Láti ìgbà tí o ti fi fánbẹ́ẹ̀tì so ó, ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti fi gun ọ̀pẹ?"

"Igba, sà."

"Mo mọ̀ pé igbà ni. Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Igba."

"Kàmálù, mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Iye ni mò ń béèrè."

"Iye ni mò ń sọ, sà. Igba ìgbà ni mo ti fi igbà náà gùn."

"Sọ ọ́ kó yé mi."

"Ọgọ́rùn-ún lọ́nà méjì."

"Ẹ̀n! O ṣì mọ ìṣirò."

"Ẹyìn ni mo fi ń kà á, sà. Ẹyìn kò ní pátákó."

Tíṣà ju ìyẹn sẹ́yìn.

"Ká ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú igba ìgbà ni irú igbà yìí máa ń já."

"Lẹ́ẹ̀kan péré?"

"Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Àlùhámdùlílàhì." Kàmálù dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Mo ti rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣeun, sà."

"Jókòó! Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ló ń pani."

"Ṣùgbọ́n mo ti gùn ún nígbà igba, Tíṣà. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú igba ni, a jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ti wá, ó ti lọ. Bóyá mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà."

"Báwo ni o kò ṣe ní í sí nílé, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lo wà lórí ọ̀pẹ?"

"Tàbí kó jẹ́ Bùsàrí ló bọ́ sí. Ó yá igbà yìí lóṣù tó kọjá."

"Bùsàrí àna rẹ? Ṣé ó já mọ́ ọn lára?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ó ṣubú."

"Láti orí ọ̀pẹ?"

"Láti orí kẹ̀kẹ́."

"Kí ni ìyẹn wá kan igbà?"

"Ọrùn rẹ̀ ló gbé e kọ́ lọ́jọ́ náà, sà."

Tíṣà wo ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run kò ràn án lọ́wọ́.

"Gbọ́ mi. Ewu kékeré kì í wá kó lọ. Ńṣe ló ń kóra jọ. Èyí tó o ṣe lánàá, èyí tó o ṣe lónìí, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ gbogbo ni tolè..."

"...ọjọ́ kan ni tolóhun. Mo mọ ìyẹn, sà. Ṣùgbọ́n mi ò jalè. Mo ṣì ń sọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n wá gé e."

"N kò pè ọ́ lólè! Òwe ni. Ó dára, èyí ńkọ́: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

"Tíṣà, ẹ mọ̀ pé mùsùlùmí ni mí."

"N kò ní kí o jẹ ẹ́. Mo ní ó ń wọ ọgbà."

"Ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ igbà?"

"Ọgbà!"

"Ó mà dáa bẹ́ẹ̀, sà. Bó bá jẹ́ igbà mi ló wọ̀, ńṣe ni màá sọ ọ́ nù lójú ẹsẹ̀."

Tíṣà wo apá ibi tí ìlú wà fún ìṣẹ́jú kan gbáko, bí ẹni ń ronú ilé tí wọ́n ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Ó mi orí.

"Kí ló wà nínú àpò rẹ yẹn?"

"Ẹ̀pà, sà. Oúnjẹ ọ̀sán mi ni."

"Kó o wá. Mú fìlà rẹ náà wá."

Tíṣà ka ogún hóró ẹ̀pà sínú fìlà. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀, ó sọ ọ́ sáàárín wọn, ó mi fìlà náà títí.

"Di ojú rẹ. Ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan tí igbà kò já nìyẹn. Òkúta, ọjọ́ tó já. Mú ọ̀kan."

Kàmálù dijú, ó mú ọ̀kan.

"Kí ni?"

"Ẹ̀pà, sà."

"Dá a padà, kí o tún mú."

Ìró kan ń lọ lẹ́nu Kàmálù, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Kàmálù."

"Sà."

"Ẹ̀pà náà dà?"

"Ọjọ́ tó bá ti lọ kì í padà mọ́, sà."

Tíṣà mi fìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mú òmíràn."

"Ẹ̀pà."

"Òmíràn."

"Ẹ̀pà. Ó tilẹ̀ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ."

"Òmíràn. Má ṣe la ojú."

"Mi ò là á, sà. Ẹ̀pà. Ẹ̀pà. Èyí náà, ẹ̀pà. Tíṣà, mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́fà."

"Mẹ́fà, kò sí nǹkan. Ṣé ẹ rí i? Bí ènìyàn bá ti dijú, tó gbára lé Ọlọ́run, tó ń mú un níkọ̀ọ̀kan..."

Nǹkan fọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi òkúta pa èkùrọ́.

"Kí ni?" Tíṣà béèrè. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, kò sì fi pa mọ́.

"Eyín iwájú, sà."

"Òkúta ni! Òkúta náà nìyẹn! Ṣé ó ti wá yé ọ báyìí?"

Kàmálù tu òkúta sí àtẹ́lẹwọ́. Ó tu nǹkan funfun kékeré kan tẹ̀ lé e. Ó gbé méjèèjì wò lójú oòrùn.

"Ó yé mi, sà. Ẹni tó fi òkúta sí ẹ̀pà ló jẹ̀bi."

Ó dé fìlà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ó dìde, ó wọ inú igbà. Tíṣà fò dìde lórí kùkùté. Àárín rẹ̀ ti gba ìfẹ̀yìntì dáadáa. Ikùn ló kọ́kọ́ dìde, òun tẹ̀ lé e.

"Jáde níbẹ̀! Èmi ni màá wọ̀ ọ́. Nílẹ̀ níbí, níwájú rẹ. Èmi fúnra mi ni màá fẹ̀yìn tì í, kí o fojú rẹ rí bó ṣe máa já, kí n lè lọ sílé."

"Tíṣà, ẹ máa rọra o."

"Ilẹ̀ ni mo wà. Ta ló ń ṣubú láti ilẹ̀?"

Tíṣà gbé igbà sẹ́yìn. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìdí ọ̀pẹ, ó fẹ̀yìn tì. Igbà dún kín-ín. Kò já.

"Ọ̀kan," ni Kàmálù wí.

"Ó ń múra ni. Dúró." Ó tún fẹ̀yìn tì. Kín-ín.

"Méjì."

Ó ki agbára bọ̀ ọ́. Awò ojú rẹ̀ yọ̀ bọ́ sórí imú.

"Mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìbínú fà á, sà. Mo fẹ́ lò ó."

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, òógùn ti bo Tíṣà. Ojú rẹ̀ kò dùn mọ́.

"Irú igbà wo lèyí? Ó yẹ kó ti já."

"Mo ti sọ fún yín, sà."

"Bóyá ó ń fẹ́ ibi tó ga díẹ̀."

Ó ju igbà sókè lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ lé ara ọ̀pẹ. Ó tún jù ú. Kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjá orúnkún Kàmálù nígbà tí nǹkan kan ké nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

"Kí ló ké, sà? Igbà ni?"

"Fóònù mi ni!" Tíṣà fi ọwọ́ kan di igbà mú, ó fi èkejì yọ ọ́ jáde. "Ìlà kan! Láti ọjọ́ tí Fúnmilọ́lá ọmọ mi ti ra fóònù yìí fún mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò wọ oko yìí rí. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, òkè tó wà lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé ni mò ń gùn lọ."

"Ẹ kú oríire, sà. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Dúró ná." Ó tún gòkè. "Ìlà méjì! Kàmálù, ìlà méjì!"

"Mẹ́jọ nìyẹn, sà. Ẹ sọ̀kalẹ̀. Ó ti tó."

"Jẹ́ kí n kí ọmọ mi."

"Tíṣà, igbà yẹn kò dára."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó ti gbé mi lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kò já. Kí ló máa wá ṣe é lẹ́ẹ̀kẹsàn-án?"

Kàmálù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ gba ẹrù. Bàtà Tíṣà ti dé ọ̀gangan èjìká rẹ̀.

"Tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Ó ń kóra jọ. Ó ń kóra jọ, sà!"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, Kàmálù. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Hẹ́lò? Fúnmilọ́lá? Bàbá rẹ ni. Mo wà lórí..."

Igbà já. Kò dún kín-ín lọ́tẹ̀ yìí. Fánbẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀ digbí. Okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fura sí, òun ló já. Fóònù bọ́ sínú koríko. Tíṣà fẹ̀yìn balẹ̀ sórí òkìtì imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, eruku sì sọ.

Kàmálù kò kọ́kọ́ sáré. Ó gbójú sókè. Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ Tíṣà wà lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń fojú bá ara ọ̀pẹ lọ díẹ̀díẹ̀, sókè, sókè, títí ó fi dé ibi tí ẹyìn pọ́n sí. Ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán kó tó dé ibẹ̀. Ó dà bí ẹni tí kò rí ọ̀pẹ rí. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà.

"Tíṣà."

"Mo wà láàyè." Ohùn náà ti inú imọ̀ jáde.

"Lánàá, mo gun ọ̀pẹ mẹ́rin. Ọ̀kan wà létí odò, òkúta ló yí ìdí rẹ̀ ká. Igbà yìí kan náà ni, sà."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ náà, wọ́n ní èmi ló jọ. Mi ò tíì mọ bójú rẹ̀ ṣe rí."

Tíṣà na ọwọ́ jáde nínú imọ̀, Kàmálù dì í mú. Ohùn Fúnmilọ́lá ń ké "Bàbá! Bàbá! Orí kí ni ẹ wà?" nínú koríko, lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó ni?" Tíṣà béèrè.

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Igba ni mo pè é."

"Ẹ sanra jù mí lọ, sà."

Kàmálù dìde, ó mú àdá. Ó to igbà náà sórí kùkùté, ó ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń gé ilá.

"Kí lò ń ṣe yẹn? Ó ti já ná."

"Bùsàrí, sà. Bó bá rí i báyìí, á ní òun lè so ó."

Tíṣà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kàmálù ń gé e lọ. Nígbà tó ku fánbẹ́ẹ̀tì nìkan, ó dúró, ó wo ẹyìn tó wà lókè, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀mí ló jù. Màá sọ fún Mùnírà pé epo kò sí."

"Epo wà. Ọ̀pẹ àgíríìkì mẹ́fà wà lẹ́yìn ilé mi. Kò sí èyí tó ga ju ìbàdí rẹ lọ. Wọ́n ti pọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹyẹ ló ń jẹ wọ́n. Gé gbogbo rẹ̀."

Kàmálù gbé àdá sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Tíṣà. Láti òwúrọ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ jókòó sórí kùkùté yìí. Ẹ fi òkúta sí ẹ̀pà mi. Eyín mi lọ. Ẹ gun ọ̀pẹ."

"Mo fẹ́ kí ìṣirò náà kọ́kọ́ yé ọ ni."

Epo inú ọ̀pẹ kúkurú wọ̀nyí ni wọ́n fi se ọbẹ̀ ìsọmọlórúkọ náà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Kàmálù gbé ọmọ náà, ó sì jọ ọ́ lóòótọ́: òun náà kò ní eyín iwájú. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, Tíṣà gbìyànjú láti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìbàdí rẹ̀ kọ̀.

"Kàmálù, mi ò lè rìn. Báwo ni màá ṣe dé ilé ìwòsàn?"

"Ọ̀kadà mi wà lábẹ́ igi kòkó lọ́hùn-ún, sà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà láti ibí dé ìlú. Kíá la ó ti dé."

Tíṣà gbé apá lé e léjìká, ó ń tiro lọ. Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá, ó dúró.

"Bíréèkì ọ̀kadà náà ńkọ́?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni Kàmálù wí. "Láti ọdún tí kò ti mú mọ́, mi ò tíì kọlu ẹnikẹ́ni."